Ohun Tó Ṣẹ́kù Nínú Abọ́

Ọkọ̀ okùn náà ti kúrò ní ibùdó Òkè Àpárá, ó ti ń yọ̀ lọ lójú òfuurufú lórí omi tó bo àfonífojì, nígbà tí ọwọ́ ìtukọ̀ le gbagidi mọ́ Adégòróyè lọ́wọ́. Ó tì í síwájú, kò lọ. Ó fà á sẹ́yìn, kò wá. Iná kékeré tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tó ti ń tàn bí ewé tútù láti àárọ̀, ti di àwọ̀ ọsàn.

“Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni ẹ̀rọ tó wà ní ìbàdí rẹ̀ wí, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́. “Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ jù. Mo ti dá ínsúlìn dúró. Mo sì ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu nǹkan dídùn.”

Ọkọ̀ náà dúró, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òrùlé ilé-ìwé àtijọ́ kan yọ orí sókè nínú omi, lékeléke mélòó kan sì bà lé e.

“Baba ọlọ́kọ̀!” Obìnrin kan tó gbé àgò pẹ́pẹ́yẹ sẹ́sẹ̀ ló pariwo láti ẹ̀yìn. “Ṣé ibí la máa sùn ni?”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni ọkùnrin kan dá a lóhùn. “Wọ́n ní kí pẹ́pẹ́yẹ yín rójú wo ìlú ni.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Adégòróyè kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Òógùn tútù ti bò ó, gbogbo ohùn tó ń gbọ́ sì dà bíi pé láti inú ìkòkò ló ti ń wá. Ó fi eyín ya ọ̀rá oyin tí nọ́ọ̀sì fi sí i lápò, ó fà á mu. Bó ti ń gbé oyin náà mì ló gbọ́ tí okùn tó wà lókè orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké: kíìn, kíìn, kíìn. Kọ́lápọ̀, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní ibùdó, ti gbá kẹ̀kẹ́ ọwọ́ mú.

Bí Òfin Ìtukọ̀ ṣe wí nìyẹn. Ẹ̀rọ lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ atukọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ wa ẹ̀mí ènìyàn kọjá omi. Ènìyàn ni kó fà wọ́n padà wálé. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan fi wà ní gbogbo ibùdó, tí ẹnì kan sì ń dúró tì í. Kọ́lápọ̀ ló ń dúró ti ti Òkè Àpárá. Ó yí i títí ọkọ̀ fi padà fara kan èbúté, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn èrò, ó ní kí wọ́n má bínú, lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin tó ga tó sì gbẹ ni, ó ti lé lógójì ọdún, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń mọ́ bí aṣọ ọdún.

“Ọ̀gá, ẹ kú ewu.”

“Ewu iná kì í pa àwòdì,” ni Adégòróyè dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé inú rẹ̀.

*

Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e láti òdìkejì ló gbé Nọ́ọ̀sì Ìwàlẹwà dé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, àpò rẹ̀ sì wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Òun ló fi ẹ̀rọ náà sí Adégòróyè lára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ ti lajú báyìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Báwo ni? Ṣé o ti jẹun?” Adégòróyè yọ ọ́ kúrò ní bẹ́líìtì, ó gbé e sórí tábìlì, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri. “Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?” ló béèrè. Ìwàlẹwà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ kó tó kọ́ ẹ̀rọ náà bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Lónìí kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga mọ́ra, ó ní kí Bàbá ká ẹ̀wù sókè.

“Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀.”

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Nínú rẹ̀ ni ìgò kékeré ínsúlìn, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, wà, ọ̀pá ìdè kan, irú ìṣó oníyíyí, tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ sì wà lẹ́yìn ìgò náà. Bí ìdè yẹn bá yí díẹ̀, á ti ìdérí tó wà nídìí ìgò. Bí ìdérí bá sún, ẹ̀kán kan á gba inú okùn rọ́bà wọ abẹ́rẹ́ rírọ̀ tó wà lábẹ́ awọ ikùn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kán, kán, tọ̀sán-tòru, bí ara ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ ṣe máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Tí oúnjẹ bá dé, á wá da èyí tó pọ̀ díẹ̀ láti fi pàdé oúnjẹ náà lọ́nà. Ojú kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ apá ló ń sọ fún un bí ṣúgà ṣe ń lọ sókè sódò. Inú Adégòróyè ti dùn sí ìdè yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun náà ló so okùn àkọ́kọ́ láti òkè sí òkè ní ọdún tí odò kọ̀ láti padà sílé, ó sì mọ̀ pé ohun gbogbo tó bá ń rìn dáadáa, ìdè kékeré kan ni ó wà nídìí rẹ̀.

“Okùn rọ́bà kò ká,” ni Ìwàlẹwà wí. “Afẹ́fẹ́ kò wọ inú rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ kò pọ́n. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí, Bàbá. Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án?”

“Iyán. Ẹ̀fọ́ rírò. Ìyàwó mi ló gbé e fún mi.”

“Ẹ gbé e sórí àwo òṣùwọ̀n?”

“Mo gbé e sí i. Àwo sọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bi mí, mo tẹ bọ́tìnnì. Bí o ṣe kọ́ mi náà ni.”

“Ẹ sì jẹun lẹ́yìn náà?”

“Mo jẹun, mo yó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Ìwàlẹwà fi ọwọ́ họ etí. “Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu. Bí ṣúgà yín ṣe já wálẹ̀ tó yẹn, ó dà bíi pé ẹ fi ebi mu oògùn.” Ó ń di àpò rẹ̀. “Bàbá, ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ìdánwò la wà. Ẹ̀ẹ̀kan, Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn atukọ̀ á fojú fò ó. Tó bá tún di ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ yín títí di òjò àmọ́dún.”

“Mo mọ̀.”

“Èmi náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa wá lọ́la, màá jókòó tì yín bí ẹ bá ń jẹun.”

“Wá. Ṣùgbọ́n má ṣe ka òkèlè mọ́ mi lẹ́nu.”

*

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí lọ́jọ́ kejì, Adégòróyè gbé abọ́ iyán sórí àwo òṣùwọ̀n ní yàrá ibùdó. Àwo náà dún wùn, bí oyin tó rí òdòdó.

“Iyán ni, Bàbá,” ni ẹ̀rọ wí. “Ó pọ̀ díẹ̀. Ṣé kí n da ti oúnjẹ sí i?”

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó ní kí Ìwàlẹwà wá jẹun, Ìwàlẹwà ní á gba ibi ire. Ó jẹun bó ṣe ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, láìkánjú. Nígbà tó tó, ó ṣan ọwọ́, ó pe Kọ́lápọ̀. Kọ́lápọ̀ wọlé, ó ní, “Ẹ kú àjẹyó, Ọ̀gá,” ó gbé abọ́, ó sì jáde.

Ìwàlẹwà jáde láti lọ bu omi mu ní ẹ̀yìn ilé. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa ọsàn méjì yọ nínú àpò, ó sì ń bó o ní kíákíá bí ẹni tí ilé ń jó.

“Ẹ mu ọsàn yìí, Bàbá. Ẹ mu ún báyìí, kí iná ọwọ́ yín tó yí àwọ̀.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ mu ún ná!”

Ó mu ún. Ìgbà tó ti mu ọsàn kejì tán, tí ẹ̀rọ sì ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, ni Ìwàlẹwà tó jókòó.

“Bàbá, ta ló ń jẹ ìyókù iyán yín?”

“Ìyókù wo?”

“Èyí tó wà nínú abọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Mo rí i tí ọ̀gbẹ́ni yẹn jókòó nídìí táǹkì omi, ó kọ̀yìn sọ́nà, ó ń jẹ ẹ́.”

Adégòróyè wò ó, ó wo ògiri, ó tún wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá bá a láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

“Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ní ẹnì kan lábẹ́ mi, mi ò jẹ abọ́ tán rí. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rò. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló ń dúró.”

“Nígbà tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ ńkọ́?”

“Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo máa ń gún un. Ohun tí mo bá ti jẹ ni mò ń wò.”

“Ẹ̀ẹ́hẹ̀n!” Ìwàlẹwà lu itan. “Ní báyìí, kí ẹ tó jẹ ẹ́ lẹ ń gba oògùn. Ẹ fi odindi abọ́ han ẹ̀rọ, ó fún yín ní ti odindi. Ẹ jẹ àbọ̀. Ínsúlìn tó kù ń wá iṣẹ́ tó máa ṣe kiri ara yín. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹ ní ọmọlúwàbí tí ẹ ń bọ́.”

“Ó dára. Kí la ó ṣe sí i?”

“Kò le rárá. Ẹ jẹ ẹ́ tán. Tàbí kí ẹ bu tiẹ̀ fún un sí abọ́ tiẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Adégòróyè. Ó dìde, ó lọ wo ojú fèrèsé. Kọ́lápọ̀ ń nu kẹ̀kẹ́ irin lóde, ó ń kọrin lábẹ́ èémí.

“Ìwọ rò pé kò le,” ló wí.

*

Ìpín oúnjẹ ìlú ń lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iye orúkọ tó wà lójú ilẹ̀kùn. Ilé Kọ́lápọ̀ ní orúkọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí omi ti gbé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ń sùn níbẹ̀, wọn ò sì lè kọ orúkọ àlejò sójú ilẹ̀kùn títí òjò á fi dá. Gbogbo ibùdó ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Kọ́lápọ̀.

Adégòróyè ti gbìyànjú rí. Ó ní kí Wúràọlá, ìyàwó òun, di oúnjẹ sí abọ́ méjì, ó sì gbé ọ̀kan síwájú Kọ́lápọ̀. Kọ́lápọ̀ wo abọ́ náà bí ẹni tó rí ejò.

“Ọ̀gá, mo ti jẹun láti ilé.”

“Ṣé kò sáyè nínú ikùn mọ́ ni?”

“Mo ní mo ti jẹun, sà. Ṣé mo wá sọ fún yín pé ebi ń pa mí ni?”

Oúnjẹ náà tutù síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Adégòróyè jẹun tirẹ̀, ó ṣẹ́ ìyókù tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sílẹ̀, ó sì pè é pé kó wá gbé abọ́. Kọ́lápọ̀ gbé e jáde. Ìyókù ọ̀gá kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ẹ̀tọ́ ọmọṣẹ́ ni, bí bàbá Kọ́lápọ̀ ṣe gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni Wúràọlá ti ń gún iyán tó pọ̀ ju ikùn ọkọ rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ kẹta, Adégòróyè ṣe bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó jẹ iyán náà tán. Ó fi ìka nu abọ́ mọ́. Ó pe Kọ́lápọ̀.

Kọ́lápọ̀ gbé abọ́, apá rẹ̀ sì lọ sókè jù, torí pé ó ti múra de ohun tó wúwo.

“Ẹ kú àjẹyó, Ọ̀gá,” ló wí, ó sì sọ ọ́ tinútinú. “Inú mi dùn pé ara yín ń gba oúnjẹ.”

Nírọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, Kọ́lápọ̀ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ irin láti mọ̀ bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò tíì yí i jìnnà tó fi dúró. Ó di ọ̀pá mú, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ó sì rọra jókòó sórí ilẹ̀.

“Kọ́lápọ̀!”

“Oòrùn ni, Ọ̀gá. Oòrùn òní mú.”

Kò sí oòrùn. Kùrukùru ló bo òkè méjèèjì. Iná ọwọ́ Adégòróyè ń tàn bí ewé tútù, ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ ìbá fi yìn ín. Kò sí ojú kankan tó lẹ̀ mọ́ apá Kọ́lápọ̀. Bí ọ̀kan bá sì wà níbẹ̀, ta ni yóò gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni yóò fà wọ́n padà wálé?

*

Lójú ọ̀nà ilé, Adégòróyè bá ìbàdí ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Ìwọ ẹ̀rọ.”

“Bàbá, mò ń gbọ́.”

“Bí mo bá sọ fún ọ pé màá jẹ díẹ̀, màá fi díẹ̀ sílẹ̀, ṣé wàá gbà á gbọ́?”

“Ohun tí àwo bá wọ̀n ni mo mọ̀, Bàbá. Ẹ gbé kìkì ohun tí ẹ máa jẹ sórí rẹ̀.”

“Èyí tí mi ò ní jẹ ńkọ́? Ibo ni kó wà?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Ibikíbi tí kì í ṣe orí àwo.”

Adégòróyè dúró lójú ọ̀nà. Obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. “Ibikíbi,” ló wí sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni ìdánwò yóò parí tí oòrùn bá wọ̀. Lọ́sàn-án, ó dúró títí Kọ́lápọ̀ fi lọ fi epo sí okùn, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó ṣí abọ́. Ó fi omi tutù pa ọwọ́, ó gé iyán náà sí méjì, ó sì gbé apá kan sórí ìdérí abọ́. Ó gbé èyí tó kù sórí àwo òṣùwọ̀n.

“Mo ti rí i, Bàbá,” ni ẹ̀rọ wí. “Ó kéré sí ti àná. Ṣé kí n dà á?”

“Dà á.”

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó gbọ́ bí ìdè náà ṣe ń yí, tìkì, tìkì, tìkì. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ kúrò lórí àwo, ó sì ń dá iyán orí ìdérí padà sáyè rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tútù pa á pọ̀ mọ́ra títí ó fi ṣù bí òkìtì kan ṣoṣo, kìkì ojú ìlà tín-ín-rín kan ló kù níbi tó ti gé e. Ìlà yẹn ni ààlà rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ kọjá rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dúró kó tó dé ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí.

“Ọ̀gá, agolo epo kejì—”

Kọ́lápọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ Adégòróyè ṣì wà lórí iyán. Ojú Kọ́lápọ̀ lọ sórí ìdérí abọ́ tí iyán lẹ̀ mọ́, ó lọ sórí àwo òṣùwọ̀n tó ṣófo, ó padà sórí abọ́. Ọkùnrin tó ń fi etí lásán mọ ibi tí okùn ti fẹ́ já ni. Kò sí ohun tí kò yé e níbẹ̀.

Kọ́lápọ̀ fa ilẹ̀kùn dé láìmú agolo.

Adégòróyè jókòó. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Bí Kọ́lápọ̀ bá kọ abọ́ yìí lónìí, yóò kọ ọ́ títí ayé, ọ̀nà mìíràn kò sì sí mọ́. Ṣùgbọ́n ínsúlìn ti wọlé. Kò bìkítà bóyá jíjẹ wù ú tàbí kò wù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ẹ́ títí dé ojú ìlà, kò fi ìka kan kọjá. Ó ṣan ọwọ́. Ó la ẹnu láti pe Kọ́lápọ̀, ẹnu rẹ̀ sì wúwo. Ó pa á dé. Ó jókòó, ó ń wo abọ́.

Níta, ẹnì kan wúkọ́. Ikọ́ àlejò ni, irú èyí tí ènìyàn ń wú kí onílé lè mọ̀ pé òun ń bọ̀.

“Àgò o, Ọ̀gá.”

“Àgò yà.”

Kọ́lápọ̀ wọlé bí ẹni tí kò tíì tẹ yàrá náà láti àárọ̀. “Mo wá mú agolo epo ni, sà. Háà, ẹ ti jẹun tán? Ẹ kú àjẹyó.” Ó na ọwọ́ méjèèjì sí abọ́, ó gbé e, ó sì wo inú rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ ò mà jẹun púpọ̀ lónìí.”

“Àgbà ni mí. Kí ni àgbà ń fi oúnjẹ púpọ̀ ṣe?”

“Òótọ́ ni, sà.”

Ó gbé e jáde.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀, tí Ìwàlẹwà ti pe láti òdìkejì pé Ìgbìmọ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un, tó sì ti kí i títí ohùn rẹ̀ fi há, Adégòróyè ń kó ẹrù rẹ̀ láti lọ sílé. Kọ́lápọ̀ gbé abọ́ tó ti fọ̀ wá, ó gbé e sínú àpò ọ̀gá rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

“Ọ̀gá.”

“Kí ni?”

“Ẹ bá mi sọ fún Màmá.” Ó họ orí. “Ata ẹ̀fọ́ ọ̀hún ti dín kù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan rí nípa oúnjẹ náà. Adégòróyè wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó dúró de èsì.

“Ta ló bi ọ́?” ló wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò lè fi ẹ̀rín pamọ́. “Màá sọ fún un. Màá ní kó da ata sí i títí wàá fi sunkún.”